Volvo àlòkù fún ọlọ́mọ mẹ́ta: ṣé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ ààbò yẹn, kí ló sì yẹ ká yẹ̀ wò?

ÌyáÌbejì_Leeds

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ìmọ̀ràn ni mo wá tọrọ. Látìgbà tí àwọn ìbejì ti dé bá ẹ̀gbọ́n wọn, ọkọ̀ wa ò gbà wá mọ́. Bàbá wọn ti rí Volvo XC90 àlòkù kan ní Bradford, ti ọdún 2012, D5 tó ń lo dísẹ̀ẹ̀lì, oníjókòó méje, ọkàn rẹ̀ ò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Ó ní kò sí ọkọ̀ tó láàbò tó o láyé. Ẹ̀gbọ́n mi l'Ékòó ní ariwo ọjà lásán ni, pé ká wá Toyota rà ká lè rí oorun sùn. Èmi ò mọ̀ ju kí n wọlé kí n wà á lọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni àgbà, àwọn ìbejì ò tíì pé ọdún méjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọkọ̀ yìí tàbí tẹ́ ẹ ti lò ó rí, kí ni òótọ́ inú ọ̀rọ̀ náà? Bí a bá sì dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, kí la máa wò?

Akin_Göteborg

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn á dàgbà, á sì yẹ yín.

Ìlú tí wọ́n ti ń ṣe Volvo láti 1927 ni mo ń gbé. Mi ò bá wọn ṣiṣẹ́ o, kẹ́nikẹ́ni má rò pé wọ́n rán mi. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn wa gbà ni pé irin Volvo ló nípọn, òun ló fi ń gbani là. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iwájú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ rún nígbà tó bá kọ lu nǹkan. Bó ṣe ń rún yẹn, ó ń gba agbára ìkọlù náà sára ni. Tí kò bá rún, ara ẹni tó jókòó ni gbogbo ẹ̀ máa dé sí. Àyè tí èèyàn jókòó sí gan-an ni kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ nípò. Rírún níwájú, líle láàárín, méjèèjì ni wọ́n ń lépa pọ̀.

Bẹ́líìtì ló gbé orúkọ wọn jáde. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Nils Bohlin. Kó tó dé Volvo, ọ̀dọ̀ Saab ló wà, nídìí ọkọ̀ òfuurufú ogun, ìjókòó tó máa ń ta awakọ̀ síta nígbà tí bàálù bá fẹ́ já ló ń ṣe. Bẹ́líìtì ọkọ̀ ilẹ̀ ìgbà yẹn, òmíràn ń de ikùn nìkan, òmíràn ń gba àyà nìkan. Èyí tó de ikùn lè ya ìfun. Èyí tó gba àyà nìkan, èèyàn lè yọ́ gba abẹ́ rẹ̀ jáde. Bohlin wá so méjèèjì pọ̀: apá kan gba èjìká wá sí àyà, apá kejì gba orí egungun ìbàdí, wọ́n pàdé nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí, ọwọ́ kan ṣoṣo lèèyàn sì fi ń dè é. Ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ 1959 ni ọkọ̀ Volvo PV544 tó kọ́kọ́ ní irú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ oníṣòwò ọkọ̀ kan ní Kristianstad. Volvo gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n wọ́n ṣí i sílẹ̀ kí ilé iṣẹ́ yòówù lè ṣe irú rẹ̀. Bẹ́líìtì tó wà nínú Toyota tí ẹ̀gbọ́n yín ń sọ, ti Bohlin ni.

Ní 1967 ó kó àkọsílẹ̀ ìjàǹbá 28,000 tó ṣẹlẹ̀ ní Sweden lọ sí Amẹ́ríkà. Nínú gbogbo rẹ̀, kò sí ẹni tó de bẹ́líìtì yìí tó kú nínú ìkọlù tí eré rẹ̀ ò tó nǹkan bíi 96 kìlómítà ní wákàtí. Àwọn tí kò dè é? Láti orí eré 20 kìlómítà ni wọ́n ti ń kú. 20! Eré tí à ń sá nínú àdúgbò.

Láti 1970 ni wọ́n sì ti ní ikọ̀ tó ń lọ síbi ìjàǹbá. Bí Volvo bá forí sọ nǹkan nítòsí ìlú yìí, lọ́sàn-án tàbí lóru, wọ́n á lọ síbẹ̀, wọ́n á wọn ojú ọ̀nà, wọ́n á wọn ibi tí ọkọ̀ ti tẹ̀, wọ́n á wádìí ibi tí oníkálukú ti fara pa. Ọkọ̀ tó wà nínú àkọsílẹ̀ wọn ti lé ní 40,000, èèyàn inú wọn sì lé ní 70,000. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ lójú tèmi nìyí: ibi tí èèyàn ti ṣèṣe ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ìrònú, wọ́n á wá padà sórí irin. Àpẹẹrẹ kan ni ọrùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń jẹ̀rora ọrùn fún ọdún gbọọrọ nítorí ìkọlù kékeré kan láti ẹ̀yìn nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ọkọ̀ wọn ò sì bàjẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1998 wọ́n gbé ìjókòó kan tí wọ́n ń pè ní WHIPS sínú ọkọ̀ wọn S80. Tí wọ́n bá kọ lù yín látẹ̀yìn, ẹ̀yìn ìjókòó á kọ́kọ́ bá yín sún sẹ́yìn, á wá rọra tẹ̀, kí orí àti ẹ̀yìn lè jọ lọ pa pọ̀. Ó wà nínú XC90 tẹ́ ẹ fẹ́ rà.

BàbáMẹkáníìkì_ÌwóRoad

Ọmọ mi, ẹ kú àjò o. Látìgbà Volvo 240 onígun mẹ́rin ni mo ti ń fọwọ́ kan ọkọ̀ wọn n'Ìbàdàn níbí. Ọ̀rọ̀ tí Akin sọ dáa. Ṣùgbọ́n ààbò tí wọ́n kọ́ mọ́ ọkọ̀ nílé iṣẹ́, ó lè ti bá ìjàǹbá lọ kí ọkọ̀ tó dé ọwọ́ rẹ. Ọkọ̀ tí ẹ ń tà lọ́hùn-ún tí ìjàǹbá ti ṣe, àwa là ń rí i níbí tó bá di tòkúnbọ̀. Ojú mi ti rí i.

Bó o bá débẹ̀, má jẹ́ kó bá ẹ tan ẹ́ńjìnnì kí o tó dé. Ìwọ ni kó o ṣí i. Yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí iná dashboard á tàn, má tíì tan ẹ́ńjìnnì. Iná airbag (àpò atẹ́gùn tó ń bú jáde nígbà ìkọlù) gbọ́dọ̀ tàn, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kó sì kú. Tó bá tàn tí kò kú, ìṣòro wà. Tí kò bá tàn rárá, ìṣòro yẹn ló burú jù, torí ẹnì kan ti yọ ọ́ tàbí ó ti so wáyà rẹ̀ mọ́ iná mìíràn kó lè bá a kú. Mo ti tú sítíárì tí wọ́n kó fóòmù sí níbi tí airbag yẹ kó wà, tí wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù lẹ ìdérí rẹ̀ pa dáadáa. Fi ọwọ́ pa ojú dashboard lápá èrò iwájú: bí àwọ̀ ibì kan bá dán ju ibòmíràn, tàbí tí o bá rí ibi tí wọ́n rán tàbí tí wọ́n lẹ̀, bi í léèrè.

Bẹ́líìtì wá ńkọ́? Gbogbo rẹ̀ ni kó o fà, títí dé òpin. Wo etí rẹ̀ bóyá ó ti ń tú fọ́nrán. Wo bóyá ó rí bákan, tó ń ṣe wálawàla níbi tí àyà máa ń wà, torí bẹ́líìtì tó ti gba èèyàn dúró rí máa ń nà. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n rán ìwé pélébé kan mọ́ ọn tí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é wà lára rẹ̀. Ọjọ́ yẹn gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọdún ọkọ̀. Lẹ́yìn náà, já a gan-an lẹ́ẹ̀kan. Ó gbọ́dọ̀ há lójú ẹsẹ̀. Ìjókòó mélòó ló wà nínú rẹ̀? Méje. Méjèèje ni kó o ṣe é fún.

Ṣí búùtù, gbé ohun tó wà nísàlẹ̀, wo ilẹ̀ irin náà. Irin ilé iṣẹ́ máa ń tẹ́jú. Tó bá ti ká kò, wọ́n ti gbá a lẹ́yìn rí. Wo àwọn nọ́ọ̀tì tó di bọ́nẹ́ẹ̀tì àti ìyẹ́ iwájú mú, bí ọ̀dà orí wọn ti bó, ẹnì kan ti tú u.

Mo fẹ́ kí gbogbo yín gbọ́ eléyìí. XC90 ní irin kan nínú òpó àti òrùlé, wọ́n ń pè é ní boron steel. Ó le gan-an. Páńẹ́ẹ̀bítà tó bá fi iná gáàsì yọ́ ọ tó sì fà á tọ́, ó ti pa líle rẹ̀. Yóò dúró, wọ́n á kùn ún, yóò dán, kò sì níí gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀ mọ́. Pípààrọ̀ ni wọ́n ń pààrọ̀ irin yẹn.

Ti ẹ́ńjìnnì: D5 yẹn lágbára, ó sì máa ń pẹ́. Ṣùgbọ́n timing belt ló ní, bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe ti ìjókòó. Bó bá já lójú ọ̀nà, fáàfù á bá písítìnì pàdé, owó ẹ́ńjìnnì lo máa wá. Béèrè ìwé pé ìgbà wo ni wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn. Ẹni tí kò bá ní ìwé, kò pààrọ̀ rẹ̀, bó ti wù kó búra tó.

ỌmọÈkó_Houston

Ẹ jẹ́ ká rọra o. Ẹ má fi Volvo ṣe òrìṣà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń yìn wọ́n, ẹ bá wa sọ ti 1990 náà. Ní Austin, Texas níbí ni wọ́n ti ya fíìmù ìpolówó kan. Ọkọ̀ gàgàrà elétáyà ńlá gun orí ọkọ̀ tí wọ́n tò síbẹ̀, gbogbo wọn wó pẹ̀lẹ́bẹ́, àfi Volvo. Àṣé wọ́n ti fi irin àti pákó gbé òrùlé Volvo ró lábẹ́lẹ̀, wọ́n sì ti gé òpó àwọn tó kù. Agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ Texas gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, ìpolówó sì wọlẹ̀.

Ẹ tún gbọ́ eléyìí. Ní 2020, ilé iṣẹ́ tó ṣe bẹ́líìtì fáyé lò pe ọkọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù méjì padà kárí ayé. Nítorí kí ni? Nítorí bẹ́líìtì! Okùn irin tó so bẹ́líìtì iwájú mọ́lẹ̀ lè gbó kó má lè di èèyàn mú dáadáa.

Ààbò tí Volvo ní lọ́dún 1975 tí ẹlòmíì ò ní, gbogbo wọn ló ti ní i báyìí. Bíréèkì tó ń di ara rẹ̀ mú tí mọ́tò bá fẹ́ kọ lu èyí tó wà níwájú, Volvo gbé e jáde sínú XC60 ní 2008 lóòótọ́, àmọ́ Corolla tuntun tí ọmọ iléèwé ń wà ní in. Owó páàtì ńkọ́? Sẹ́ńsọ̀ kan péré, ẹ máa rí i. Madam, ẹ ra Toyota Highlander. Ẹ̀gbọ́n yín kò purọ́.

Akin_Göteborg

Ẹ̀gbọ́n Houston, ti 1990 yẹn, ìtìjú gbáà ni, mi ò ní gbè é lẹ́sẹ̀. Ti 2020 náà ṣẹlẹ̀, ìpè tó tóbi jù nínú ìtàn wọn ni. Àmọ́ XC90 ò sí lára rẹ̀. S60, V60, XC60, V70, XC70 àti S80 tí wọ́n ṣe láàárín 2006 sí 2019 ni.

Pé gbogbo wọn ti dọ́gba, ibẹ̀ ni mi ò ti gbà fún yín. Ní 2012, àjọ Insurance Institute for Highway Safety tó wà lọ́dọ̀ yín níbẹ̀ mú ìdánwò tuntun jáde. Tẹ́lẹ̀, ìdajì iwájú ọkọ̀ tàbí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbá mọ́ ògiri. Wọ́n wá ní ká wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bó bá jẹ́ igun iwájú nìkan ló gbá òpó iná tàbí igi. Ọkọ̀ olówó ńlá mọ́kànlá ni wọ́n kọ́kọ́ dán wò. Méjì péré ló gba máàkì tó ga jù: Acura TL àti Volvo S60. Àwọn orúkọ ńlá láti Jámánì fìdí rẹmi. Volvo ti ń gbá ọkọ̀ tiwọn bẹ́ẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú, nígbà tí kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n ṣe é, torí ikọ̀ tí mo sọ yẹn ti rí irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ lójú títì. Ẹni tó ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò àti ẹni tó ń múra sílẹ̀ fún ojú ọ̀nà, wọ́n lè gba máàkì kan náà lónìí. Tí wọ́n bá pààrọ̀ ìbéèrè lọ́la, ẹ ó rí ìyàtọ̀.

Ẹ tún ro ti ẹranko. Sweden ní ẹranko kan tó dà bí àgbọ̀nrín tó ga ju èèyàn lọ, älg ni wọ́n ń pè é, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn gbọọrọ. Bí ọkọ̀ bá gbá a, bọ́nẹ́ẹ̀tì á gba ẹsẹ̀ rẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ á wá já lu gíláàsì iwájú àti òrùlé. Ìdí nìyẹn tí òpó gíláàsì àti etí òrùlé ọkọ̀ Sweden fi máa ń le tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti pàdé màlúù lóru lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ mọ ohun tí mò ń sọ.

ỌmọÈkó_Houston

Ti màlúù yẹn, ẹ mú mi níbẹ̀. Àmọ́ owó páàtì ò yí padà o.

Sísì_Malmö

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ̀ ń sọ irin, ẹ̀ ń sọ ẹ́ńjìnnì. Ìyá ìbejì béèrè torí ọmọ. Ilé ìtọ́jú ọmọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Malmö níbí, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù tí àwọn ará Sweden mọ̀ nípa ọmọdé nínú ọkọ̀ ni pé kí ọmọ kọjú sẹ́yìn. Kì í ṣe ìkókó nìkan o. Títí tó fi tó bí ọmọ ọdún mẹ́rin. Ẹ máa rí ọmọ tó ti ń kàwé ABD tó kọjú sẹ́yìn, tó ká ẹsẹ̀ kò, tó ń wo ìyá rẹ̀ nínú díńgí, kò sẹ́ni tó yà lẹ́nu níbí. Bertil Aldman, ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì Chalmers ní Gothenburg, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó rí bí àwọn tó ń lọ sójú òfuurufú nínú ọkọ̀ Gemini ṣe ń fẹ̀yìn lélẹ̀ nígbà tí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá ń gbéra, kí agbára náà lè pín káàkiri gbogbo ẹ̀yìn. Ní 1964 wọ́n dán àga ọmọ irú rẹ̀ wò nínú Volvo PV544. Ní 1972 Volvo bẹ̀rẹ̀ sí í tà á.

Ìdí rẹ̀ ò le. Orí ọmọ kékeré tóbi ju bó ṣe yẹ lọ fún ara rẹ̀, egungun ọrùn rẹ̀ ò sì tíì le. Bí ọmọ bá kọjú síwájú tí ọkọ̀ wá gbá nǹkan, bẹ́líìtì á di ara rẹ̀ mú, orí á máa lọ, ọrùn kékeré yẹn nìkan ló kù tó ń fà á padà. Bó bá kọjú sẹ́yìn, orí, ọrùn àti ẹ̀yìn ló máa jọ wọnú àga lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn àgbà wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọ̀rọ̀ orí àti ọrùn yẹn gan-an ni.

Ní ọ̀dọ̀ yín ní Britain, àga tuntun tó bá ìlànà R129 mu kò gbọ́dọ̀ kọjú síwájú kí ọmọ tó pé oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìyẹn lòfin, àmọ́ ìsàlẹ̀ pátápátá ni. Ẹ má tìtorí pé àwọn ìbejì ti ju oṣù yẹn lọ kẹ́ ẹ yí wọn padà. Ẹ wá àga tó lè kọjú sẹ́yìn títí dé ọmọ ọdún mẹ́rin, ẹ wò ó bóyá ó yege nínú Plus Test ti Sweden. Ìdánwò yẹn ń wọn agbára tó ń fa ọrùn ọmọ, àga tó kọjú síwájú kì í sì í lè yege nínú rẹ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe máa tò wọ́n: àwọn ìbejì ní ọ̀tún àti òsì ìlà kejì. Ẹ fọwọ́ wá irin ISOFIX, èyí tí wọ́n ń fi àga ọmọ há, níbi tí ẹ̀yìn ìjókòó ti pàdé ìdí rẹ̀. Kí ẹ̀gbọ́n wọn jókòó láàárín. Ọ̀pọ̀ XC90 ìgbà yẹn ní àgbéga ọmọdé (booster) tí wọ́n kọ́ mọ́ ìjókòó àárín yẹn: ẹ̀ ń fà á sókè ni, ọmọ á ga sí i, bẹ́líìtì á gba èjìká rẹ̀, kò ní gba ọrùn. Ìjókòó náà tún lè sún wá síwájú títí á fi sún mọ́ yín láàárín ìjókòó iwájú méjèèjì. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ níwájú ẹni tó ń tà á. Ẹ kó àga àwọn ìbejì lọ, ẹ dì í mọ́ ọn, ẹ tì í. Bí àga mẹ́ta ò bá gbà, ẹ ti mọ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́: àga tó kọjú sẹ́yìn kò gbọ́dọ̀ wà níwájú airbag tó ń ṣiṣẹ́. Airbag yẹn lè pa ọmọ. Tí ẹ bá máa fi ọmọ síwájú, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń pa airbag èrò, kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fi ń yí i létí dashboard nínú ọ̀pọ̀ wọn, kẹ́ ẹ sì rí i pé iná tó fi hàn pé ó ti kú tàn lókè.

Àbíkẹ́_Manchester

Àǹtí Malmö, ẹ ṣeun o, mo ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí.

Ọ̀rọ̀ ìwé nìkan ni mo fẹ́ fi kún un. Ìyá ìbejì, ẹ kọ nọ́ńbà ọkọ̀ náà sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Lórí gov.uk, ẹ lè rí gbogbo MOT (àyẹ̀wò ọdọọdún) tó ti ṣe, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ lọ́dọọdún, pàápàá tí ẹ bá rí bẹ́líìtì tàbí SRS (ètò airbag). Ẹ wo kìlómítà, tàbí máìlì wa níbí, bóyá ó ń lọ sókè bó ṣe yẹ. Ibẹ̀ náà lẹ ti máa mọ̀ bóyá ilé iṣẹ́ ti pe ọkọ̀ náà padà fún àtúnṣe tí wọn ò tíì ṣe. Ẹ sanwó díẹ̀ fún ìwádìí bóyá ilé iṣẹ́ ìdójútòfò ti kọ ọkọ̀ náà sílẹ̀ rí: láti oṣù kẹwàá 2017, S ni wọ́n ń kọ fún èyí tí egungun rẹ̀ ti bàjẹ́, N fún èyí tí egungun rẹ̀ ò bàjẹ́. Ṣáájú ìgbà yẹn, C àti D ni. Nítorí ohun tí Bàbá sọ nípa boron, S kì í ṣe fún ọlọ́mọ, bó ti wù kó dán tó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń lọ sí London fún òde! Dísẹ̀ẹ̀lì 2012, ìpele èéfín Euro 5 ni. £12.50 ni ULEZ, owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ pọ̀, lójoojúmọ́ tẹ́ ẹ bá wọbẹ̀. Birmingham náà ń gbà, £8. Bradford kì í gba ti ọkọ̀ ilé.

Káyọ̀dé_Peckham

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ẹwà? Iṣẹ́ àwòrán ni mo ń ṣe, ó ń dùn mí.

Àwọn èèyàn máa ń fi 240 ṣẹ̀fẹ̀ pé àpótí ni. Jan Wilsgaard ló yà á, òun náà ló ya 140 ṣáájú rẹ̀. Láti 1974 dé 1993 ni wọ́n fi ṣe é, ó lé ní mílíọ̀nù méjì àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin. Ẹ jókòó sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó rí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀ náà láti orí ìjókòó. Gíláàsì tóbi, òpó tín-ín-rín. Kò sí kámẹ́rà tó ń ṣe kinní kan fún yín, ojú yín ló ń ríran. Iná ẹ̀yìn àwọn ọkọ̀ ẹlẹ́yìn gígùn (estate) bíi 850 àti V70, wọ́n gbé e ga lọ sí òpó, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí i. Nínú XC90 tí à ń sọ yìí, bọ́tìnnì kan wà tó rí bí èèyàn tó jókòó: tẹ orí rẹ̀, atẹ́gùn á fẹ́ sókè; tẹ àyà, á fẹ́ sí àyà; tẹ ẹsẹ̀, á fẹ́ sísàlẹ̀. Ìyá mi tí kò ka ìwé kankan nípa ọkọ̀ mọ̀ ọ́n lò lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ṣe àwọn bọ́tìnnì tóbi kí ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ nígbà yìnyín lè tẹ̀ wọ́n láìwojú wọn.

Ẹ wá wo EX30 tí wọ́n gbé jáde ní 2023. Gbogbo rẹ̀ ti wọnú sìkíríìnì kan láàárín. Eré tí ẹ̀ ń sá pàápàá, ẹ máa yí ojú kúrò lọ́nà díẹ̀ kẹ́ ẹ tó rí i. Ilé iṣẹ́ tó ní ojú òun wà lára èèyàn! Lójú tèmi, owó ni wọ́n ń dín kù níbẹ̀, wọ́n kàn fi ẹwà bò ó. Saab, àbúrò wọn ará Trollhättan ní Sweden kan náà, ṣe ohun tó yàtọ̀ gbáà: bọ́tìnnì kan wà nínú ọkọ̀ wọn tó ń pa gbogbo iná dashboard lóru àfi ti eré. Kọ́kọ́rọ́ wọn náà, àárín ìjókòó ni wọ́n fi í sí, kì í ṣe ibi tí orúnkún á gbá. Ọgbọ́n pọ̀ lọ́wọ́ wọn, owó ò sí, wọ́n wó ní 2011.

ÌyáÌbejì_Leeds

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ka gbogbo rẹ̀ sókè fún bàbá wọn. A lọ sí Bradford. Iná airbag tàn, ó sì kú. Ìjókòó àárín yẹn wà, ọmọ mi àgbà ò fẹ́ sọ̀kalẹ̀ lórí rẹ̀ mọ́. Àga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a tì í. Ohun kan ni kò yé mi: bẹ́líìtì awakọ̀, 2017 ló wà lára ìwé pélébé náà. Àwọn tó kù, 2011. Ẹni tó ń tà á ní òun ò mọ̀, bóun ṣe rà á nìyẹn.

BàbáMẹkáníìkì_ÌwóRoad

Bẹ́líìtì kì í dédé di tuntun. Ó ṣeé ṣe kó ti ṣẹ́ lásán kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí ọkọ̀ náà ti gbá nǹkan ní 2017, kí bẹ́líìtì ti fa ara rẹ̀ há, kí airbag sítíárì náà ti bú. Àwòrán tó wà lọ́kàn mi ni èkejì. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn airbag sítíárì, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n tú ló máa tú u fún yín. Bí tirẹ̀ náà bá jẹ́ 2017, ó ti gbá nǹkan. Ìjókòó awakọ̀ ńkọ́? WHIPS tí Akin sọ, tí wọ́n bá ti gbá a lẹ́yìn tó sì ti ṣiṣẹ́, ó ní páàtì kan tí wọ́n gbọ́dọ̀ pààrọ̀.

Àbíkẹ́_Manchester

MOT 2017 rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó wà? Tí ọkọ̀ bá fò ọdún kan, ẹ bi í pé ibo ló wà lọ́dún yẹn.

ÌyáÌbejì_Leeds

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó tán. 2016 wà, 2018 wà. Kò sí 2017.

BàbáMẹkáníìkì_ÌwóRoad

Fi sílẹ̀ fún un, ọmọ mi. XC90 pọ̀ lọ́jà.

ÌyáÌbejì_Leeds

A ti fi sílẹ̀, sà. Bàbá wọn bínú díẹ̀, ó ti ń wo òmíràn ní Sheffield báyìí, 2013, ìwé timing belt rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Sísì Malmö, ẹ bá mi sọ, àga tó kọjú sẹ́yìn tó ní okùn tí wọ́n ń so mọ́lẹ̀, ibo lẹ máa ń so okùn náà mọ́ nínú Volvo?

Sísì_Malmö

Ẹ wo ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ojú irin tí ìjókòó iwájú ń sún lórí rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ Volvo, ẹ ó rí ìkọ́ kékeré níbẹ̀, wọ́n ṣe é fún okùn yẹn gan-an ni. Bí kò bá sí, okùn àfikún máa ń wà nínú páálí àga, ẹ ó fi yí ẹsẹ̀ ìjókòó iwájú ká. Kó fà le, àmọ́ kó má gbé àga sókè. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ fún mi tẹ́ ẹ bá ti dì í.